Òòfà ilẹ̀kùn: 280 kg àbí 545 kg?

Ẹni tó bá lọ ra òòfà ilẹ̀kùn ní Alaba, èyí tó ń fi iná di ilẹ̀kùn mú, tí àwọn tó ń tà á ń pè ní maglock, méjì ni wọ́n sábà máa ń gbé síwájú rẹ̀. Wọ́n kọ 280 kg sára páálí kékeré, wọ́n kọ 545 kg sára ti ńlá: agbára tí èèyàn máa fi fà á kó tó tú nìyẹn. Ẹni tí olè ti jà lẹ́ẹ̀kan rí kì í rò ó lẹ́ẹ̀mejì, ńlá ló máa ní kí wọ́n dì fún òun. Èmi tí mo ń so ó kì í tètè fọwọ́ sí i. Kékeré tó fún ọ̀pọ̀ ilẹ̀kùn inú ilé, bí ẹ bá lè fi owó tó ṣẹ́kù ra wáyà tó nípọn.

Irin ló wà nínú rẹ̀, tí wọ́n wé wáyà bàbà mọ́ lára lọ́pọ̀ ìgbà. Iná gba inú wáyà kọjá, irin di òòfà. Iná lọ, ó padà di irin lásán. Bí iná tó ń ṣàn ṣe pọ̀ tó àti iye ìgbà tí wọ́n wé wáyà náà ló kọ́kọ́ ń pinnu agbára rẹ̀. William Sturgeon, ará England tó fi irú òòfà yìí han aráyé ní 1825, ìgbà 18 péré ló wé wáyà tirẹ̀, nítorí wáyà ìhòòhò ni, kò gbọ́dọ̀ jẹ́ kó kan ara wọn. Joseph Henry ní Amẹ́ríkà fi sílíìkì bo tirẹ̀, ó wá ń wé e léra lérí. Ní 1831, èyí tó ṣe fún Yale gbé ohun tó ju 900 kg lọ.

Kí ló wá yà kékeré àti ńlá sọ́tọ̀? Kì í ṣe iná tí wọ́n ń jẹ. Méjèèjì máa ń fa nǹkan bí ìdajì ámpù lórí 12 fóòtì (volt). Irin ni. Kékeré wúwo tó kílò méjì, ńlá sún mọ́ mẹ́rin ààbọ̀, ojú rẹ̀ sì fẹ̀ jù. Irin ní ibi tó ń yó dé. Tó bá ti yó, iná yòówù tí ẹ tún dà sí i, wáyà nìkan ló máa gbóná, kékeré kò ní torí ẹ̀ di ńlá. Nítorí náà, géètì irin tó kọjú síta, ẹ ra ńlá fún un. Ilẹ̀kùn pákó tàbí onígíláàsì inú ọ́fíìsì, kò sẹ́ni tó máa fi ọwọ́ lásán fa 280 kg. Skúrù inú pákó lè kọ́kọ́ já kí òòfà tó tú.

Àmọ́ nọ́ńbà ara páálí ní májẹ̀mú tirẹ̀. Wọ́n pè mí lọ́jọ́ kan sí ọ́fíìsì tí wọ́n ti ra ńlá, tí ọmọ tó ń ta píọ́wọ́tà ń fi èjìká ti ilẹ̀kùn wọlé jẹ́ẹ́jẹ́. Mo gun àkàbà. Pẹ́ńtà ti kun pẹlẹbẹ irin tí òòfà ń fà mọ́ra pọ̀ mọ́ ilẹ̀kùn, ọ̀dà funfun, ìlé méjì. Ẹni tó so ó náà ti fi sípánà dè é pinpin, bẹ́ẹ̀ ó yẹ kí pẹlẹbẹ náà máa mì díẹ̀ lórí wọ́ṣà onírọ́bà rẹ̀ kó lè bá ojú òòfà dọ́gba. Mo fi bíléèdì họ ọ̀dà náà kúrò, mo tú bóòtì díẹ̀. Gbà! Ọmọ náà tún fi èjìká tì í, ó tì. Òòfà yẹn náà ni, iná yẹn náà ni. Agbára òòfà ń gba inú irin kọjá wẹ́rẹ́, àlàfo ni ọ̀tá rẹ̀, ọ̀dà tó nípọn bí ìwé kò sì yàtọ̀ sí àlàfo.

Ọ̀rọ̀ 12 àti 24 fóòtì ló kù, òun ló sì ń da àwọn oníbàárà láàmú jù. Èyí tó lè gba méjèèjì, wáyà méjì ló wà nínú rẹ̀. Ní 12, ìdajì ámpù pín sínú méjèèjì; ní 24, ìdá kan nínú mẹ́rin ámpù ló gba inú wọn kọjá tẹ̀léra. Agbára kan náà ni. Ojú ọ̀nà ni ìyàtọ̀ wà. Ká ní wáyà Cat5e, wáyà tín-ín-rín ti ìńtánẹ́ẹ̀tì, tó ṣẹ́kù níbi kámẹ́rà ni wọ́n fi gbé iná rin mítà 30. Ní 12 fóòtì, ohun tó máa dé ọ̀dọ̀ òòfà kò pé 10. Bí irin kò bá sì tíì yó, tí iná bá dín sí ìdajì, ìdá kan nínú mẹ́rin agbára ló ń kù. 280 kg yín á wá sí bíi 190. Ní 24, á ṣì wà ní bíi 250. Ẹ fi wáyà 1.5 mm² tó nípọn rọ́pò Cat5e, 12 náà á lé ní 260. Lóòótọ́, ńlá lórí wáyà burúkú ṣì ju kékeré lọ, ṣùgbọ́n owó 545 lẹ san, ẹ kò rí 400 gbà.

Bátìrì kan ṣoṣo tó 12, 24 ń fẹ́ méjì. Èyí tí wọ́n kọ 7 Ah (ámpù méje fún wákàtí kan) sí á gbé òòfà kan fún wákàtí 14 lórí ìwé. Ẹ máa ka mẹ́wàá. Bí ibi tí ẹ ń gbé iná lọ kò bá jìnnà, ẹ mú 12. Tí bátìrì bá tán pátápátá, ilẹ̀kùn á ṣí sílẹ̀. Ohun rere nìyẹn tí iná bá ń jó ilé, àmọ́ olè náà lè gba ibẹ̀ wọlé, nítorí náà ẹ má yọ kọ́kọ́rọ́ àtijọ́ yín kúrò.

Kí ẹ tó sanwó, ẹ gbé e lọ́wọ́ wò: ńlá tó fúyẹ́ bíi kékeré, páálí nìkan ló tóbi. Ẹ ní kí wọ́n so ó mọ́ iná, kí ẹ gbé pẹlẹbẹ lé e, kí wọ́n wá pa iná náà. Tí pẹlẹbẹ bá ṣì lẹ̀ mọ́ ọn, irin inú rẹ̀ kò dáa. Ẹ dá a padà fún ẹni tó ń tà á.