"Pass a law" àbí "sign into law"?
Ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ló ni "pass". Tí wọ́n bá ti dìbò tí àbádòfin sì yege, a lè kọ "Parliament passed a law banning smoking", tàbí "a law to ban smoking". Tó bá ṣì ku ìbuwọ́lù, "passed a bill" ló péye jù.

Ààrẹ ní tiẹ̀ ń buwọ́ lù ú ni: "The president signed the bill into law". Má yọ "into" kúrò o.

Àṣìṣe kan tó wọ́pọ̀ wà lọ́dọ̀ "passed": àwọn kan ń kọ ọ́ ní "past", torí pé ìró kan náà ni wọ́n ní. Bẹ́ẹ̀ náà ni "pass a legislation". "Legislation" kì í gba "a".