Ìgò rúsúrúsú tó gba fóòmù mi sílẹ̀

Imú ọmọ mi kejì máa ń ṣẹ̀jẹ̀ tí ọyẹ́ bá ti mú. Nínú oṣù Ṣẹ́rẹ́, láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú kan, mo ká aṣọ orí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀, mo rí i pé ẹ̀jẹ̀ ti rin fóòmù, ó fẹ̀ tó àwo ìjẹun. Fóòmù tí kò tí ì pé ọdún kan!

Iṣẹ́ aránṣọ ni mò ń ṣe ní Òkè-Elérin, ní Ògbómọ̀ṣọ́ níbí, nítorí náà ẹ̀jẹ̀ lára aṣọ kò ṣàjèjì sí mi. Bí abẹ́rẹ́ bá gún wa níka tó kán sórí léèsì oníbàárà, itọ́ ẹnu ara wa la fi ń pa á kíákíá, ká tó fi omi tútù nù ún. Ọ̀gá mi ló kọ́ mi. Ṣùgbọ́n itọ́ ta ni yóò tó àwo ìjẹun?

Ni mo bá pe ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń fọ fóòmù àti àga láti ilé dé ilé. N kò ní dárúkọ rẹ̀. Ó gba 6,000 náírà. Kò tí ì jókòó tó fi ní kí n gbé omi kaná. Mo ní, "Àbúrò, omi gbígbóná kẹ̀? Ẹ̀jẹ̀ mà ni o." Ó ní, "Ẹ fọkàn balẹ̀, màmá, iṣẹ́ wa nìyí." Mo gbà fún un, ẹ̀bi tèmi nìyẹn. Bí iná ṣe ń mú ẹyin dì ni omi gbígbóná ṣe ń mú ẹ̀jẹ̀ dì mọ́ aṣọ. Ó tún wá da bílíìṣì lé e. Nígbà tó fi máa lọ, pupa ti di búráùn, fóòmù sì ti mu omi yó. Ọjọ́ mẹ́rin gbáko la fi sá a sóòrùn. Ọpẹ́lọpẹ́ ọyẹ́, ìbá ti máa rùn.

Nọ́ọ̀sì àdúgbò wa ló ní kí n wá hydrogen peroxide lọ sí kẹ́míìsì, oògùn olómi inú ìgò rúsúrúsú tí wọ́n fi ń fọ ojú egbò. Ó ní kí n kọ́kọ́ fi omi tútù nu bílíìṣì kúrò dáadáa, pé méjèèjì kò gbọ́dọ̀ pàdé. Owó rẹ̀ kò tó ti búrẹ́dì ńlá kan. 3% ni kí ẹ béèrè o. Èyí tí àwọn onídìrí fi ń pa irun láró le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ má sì rọ ọ́ sínú ìgò mìíràn tó mọ́ gaara, torí ìmọ́lẹ̀ ló ń bà á jẹ́, tí yóò fi di omi lásán.

Mo kán díẹ̀ sí abẹ́ fóòmù ná, bóyá yóò ṣí òdòdó ara rẹ̀. Kò ṣí i. Mo wá rọ ìdérí kan sórí àbàwọ́n náà. Ẹ̀yin èèyàn, ó hó! Ó ń dún ṣììì bí ìgbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí mínírà, ìfófòó funfun bo etí rẹ̀ yíká. Mo fi àkísà funfun tẹ̀ ẹ́, n kò ha á, àkísà gbé pupa wá. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo ṣe é. Etí rẹ̀ lọ pátápátá. Àárín, níbi tí omi gbígbóná ti kọ́kọ́ balẹ̀, hó táṣẹ́rẹ́ báyìí ni, ojú àpá sì wà níbẹ̀ dòní, bí ewé gúáfà.

N kò lè dá ìgò lẹ́bi fún ìyẹn. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, imú ọmọ tún ṣẹ̀jẹ̀. Omi tútù, iyọ̀ díẹ̀, àkísà, lẹ́yìn náà ìgò rúsúrúsú. Kí ògì àárọ̀ tó jinná, kò sí nǹkan kan lórí fóòmù mọ́. Àléébù rẹ̀ kan ni pé ẹ̀jẹ̀ tó bá ti wọ inú fóòmù lọ, orí nìkan ló ń mú mọ́.

Ọmọkùnrin yẹn pè mí lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó ní ṣé mo ní ẹni tí mo lè júwe òun fún. Mo ní kó kọ́kọ́ wá wo ewé gúáfà tó gbìn sílé mi.