Ohun tí wọ́n ń tà fún ìsoríkọ́ n'Ìbàdàn: èyí tó tó owó ẹ̀ àtèyí tí kò tó o

Ẹni tó bá dé Ọjà Bódè, tó sọ fún àwọn lékulẹ́jà pé òun ò rí oorun sùn, pé ìrònú ti pọ̀ jù fún òun, pé kò sí nǹkan tó ń wu òun ṣe mọ́, kò ní pẹ́ tí wọ́n á fi fa ìdì egbò asofẹ́yẹjẹ yọ fún un. Wọ́n á ní kó rẹ ẹ́ sínú omídùn tàbí ògógóró, kó máa mu ún lálẹ́. Egbò náà á ti gbẹ, wọ́n á ti gé e ní gígùn ìka. Téèyàn bá ha èèpo ẹ̀ díẹ̀ sẹ́nu, kíkorò ẹ̀ kì í tètè kúrò.

A gbé ohun tí wọ́n ń tà fún ìsoríkọ́ nílùú yìí yẹ̀ wò, láti orí àtẹ elégbòogi dé ilé oògùn, títí dé Ọgbà Àgọ́dì, fún ẹni tí kò fẹ́ rí dókítà tàbí tí kò fẹ́ gbé oògùn òyìnbó mì. Ìbéèrè kan la bi gbogbo wọn: ṣé ó ń gbé èèyàn dìde ni, àbí ó kàn ń mú un sùn lọ? Ọ̀pọ̀ owó tó ń ṣòfò lórí àìsàn yìí, ibi tí wọn ò ti ya méjèèjì sọ́tọ̀ ló ń gbà lọ.

Ká bẹ̀rẹ̀ láti orí asofẹ́yẹjẹ, torí òun ló léwu jù. Kì í ṣe pé kò ṣiṣẹ́. Ó ń ṣiṣẹ́ gan-an. Àwọn oníṣègùn wa ti fi ń tọ́jú wèrè láti ayé àtijọ́: ẹni tó ń pariwo, tó ń fa aṣọ ya mọ́ra, tójú ẹ̀ ò kan oorun láti ọjọ́ mélòó kan, tó bá mu ún, á sùn, ara á rọ̀ ọ́. Wọn ò purọ́ lórí ìyẹn. Èròjà kan tí wọ́n ń pè ní reserpine wà lára ohun tó ń ṣe iṣẹ́ náà. Ọdún 1952 ni àwọn onímọ̀ yọ ọ́ jáde lára egbò igi kan ní Íńdíà tó jẹ́ ìbátan asofẹ́yẹjẹ, wọ́n sì sọ ọ́ di oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru àti oògùn wèrè. Kò pẹ́ tí àwọn dókítà fi bẹ̀rẹ̀ sí í rí i pé àwọn kan tó ń lò ó fún ẹ̀jẹ̀ ríru ń rẹ̀wẹ̀sì, tí ayé ń sú wọn. Ìdí ni pé reserpine máa ń tú àpò tí ọpọlọ ń kó serotonin, noradrenaline àti dopamine pamọ́ sí. Àwọn wọ̀nyí wà lára ohun tí ọpọlọ fi ń jẹ́ kí nǹkan wu èèyàn ṣe. Ẹni tí orí ẹ̀ ti gbóná kọjá ààlà lè rí ìrọ̀rùn níbẹ̀. Ẹni tó sorí kọ́ ò ní ohun tó ṣẹ́ kù tó lè dà nù. Àwọn onímọ̀ ṣì ń bá ara wọn jiyàn lórí bó ṣe máa ń ṣẹlẹ̀ sí èèyàn tó, àmọ́ ìwé ìlò oògùn náà sọ ọ́ kedere pé kí ẹni tó ní ìsoríkọ́ má fọwọ́ kàn án.

Ìwọ̀n ẹ̀ tún ni wàhálà kejì. Nígbà tó wà ní hóró, 0.1 sí 0.25 mílígíráàmù lójúmọ́ ni wọ́n sábà máa ń lò. Kò sí ojú tó lè wọn ìyẹn nínú kọ́ọ̀bù àgbo. Egbò kan ò lágbára bí èkejì, èyí tó ti wà nínú omi fún ọ̀sẹ̀ kan ò rí bí èyí tí wọ́n rẹ lánàá, ògógóró sì máa ń fa èròjà yẹn jáde ju omi lọ. Tó bá ti pọ̀ lára, imú á máa dí, òòyì á máa kọ́ni téèyàn bá dìde lójijì, àlá burúkú á máa wá, inú lè máa ṣí, ọkàn á máa lù díẹ̀díẹ̀. Màmá tàbí bàbá tó ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tẹ́lẹ̀ tó tún wá mu ún, ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ lè já wálẹ̀ débi pé á ṣubú ní balùwẹ̀. Kì í sì í kúrò lára lọ́jọ́ kejì. Ó lè lo ọ̀sẹ̀ kan jù bẹ́ẹ̀ lọ lẹ́yìn téèyàn ti jáwọ́. Ẹni tó bá ti ń mu ún bọ̀, kó dáwọ́ dúró, kó máa lọ wọn ẹ̀jẹ̀ ríru ẹ̀ nílé oògùn lójoojúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ kan. Ní tiwa, a ò ní gba ẹnikẹ́ni tó sorí kọ́ níyànjú láti rà á, bó ti wù kí ẹni tó ń tà á jẹ́ olóòótọ́ tó.

St John's wort yàtọ̀. Òdòdó ilẹ̀ Yúróòpù ni, inú kápúsù ló ń wà, àwọn ilé oògùn kan àtàwọn tó ń tajà lórí íntánẹ́ẹ̀tì máa ń ní in. Èyí ní ẹ̀rí. Ní 2008, wọ́n kó ìwádìí 29 jọ tí wọ́n ṣe lórí àwọn tó lé ní 5,000, wọ́n sì rí i pé ó sàn ju hóró òfìfo, èyí tí kò ní oògùn kankan nínú, lọ fún ìsoríkọ́ tí kò tíì le jù, ó sì súnmọ́ oògùn dókítà lágbára. Ìwọ̀n tí wọ́n máa ń lò jù ni 300 mílígíráàmù, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta lójúmọ́, irú èyí tí wọ́n kọ 0.3% hypericin, èròjà kan nínú òdòdó náà, sí lára. Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà ló máa ń gbà kó tó hàn. Ẹni tó bá lò ó fún ọjọ́ mẹ́wàá tó ní kò ṣiṣẹ́ ò tíì lò ó rárá.

Ibi tó ti ń burú ni pé ó máa ń jẹ́ kí ẹ̀dọ̀ tètè fọ́ oògùn mìíràn dà nù. Obìnrin tó ń lo hóró ìfètòsọ́mọbíbí, tàbí èyí tí wọ́n fi sábẹ́ awọ apá, lè lóyún lórí ẹ̀. Oògùn tí ẹni tó ní kòkòrò HIV ń lò lè má tó lára mọ́. Warfarin, oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, àti digoxin, oògùn ọkàn, náà ò gbẹ́yìn. Èyí tí àwọn tó ń tà á kì í sọ ni ti artemether-lumefantrine, oògùn ibà tí kò sí ilé tí kì í rà á nílùú yìí: kò yẹ kéèyàn lo òun àti St John's wort pọ̀ rárá, torí oògùn ibà lè má pé lára, kí ibà náà má lọ. N'Ìbàdàn, níbi tí ibà ti lè gbéni dè nígbàkigbà, ọ̀rọ̀ ńlá nìyẹn. Téèyàn bá sì ti dáwọ́ dúró, ó tó ọ̀sẹ̀ méjì kí ẹ̀dọ̀ tó padà sípò. Ẹni tó ń lo tramadol, oògùn ìrora, tàbí oògùn ìsoríkọ́ mìíràn, kó má fi kún un láé: ara lè máa gbọ̀n, kó máa gbóná, kí ọkàn máa sáré, ó sì lè yọrí sí ikú. Ẹni tó bá ti ní àsìkò kan rí tí kò sùn, tó ń sọ̀rọ̀ láìdákẹ́, tó ń náwó nínàákúnàá, kó jìnnà sí i pẹ̀lú.

Bẹ́ẹ bá fẹ́ rà á, ẹ wo ẹ̀yìn páálí. Ẹ wá nọ́ńbà NAFDAC, ọjọ́ tó máa bàjẹ́, àti iye hypericin. Èyí tó bá kọ “herbal mood” gàdàgbà síwájú láìkọ ìwọ̀n sẹ́yìn, ẹ dá a padà sórí àtẹ. Fún ọ̀dọ́ tí kò lo oògùn kankan, tí ìsoríkọ́ ẹ̀ ò tíì le, ó lè tó owó ẹ̀. Fún àwọn tó kù, kò tó o.

Páràgà àti bitters ò yẹ kó pẹ́ wa. Ọtí ló wà nínú ọ̀pọ̀ wọn. Ìwọ̀n ẹ̀ wà lára ìgò fún ẹni tó bá fẹ́ kà á. Oorun tí ọtí gbé wá kì í lọ tààrà, tó bá di nǹkan bí aago mẹ́ta òru, ojú á là, ìrònú á sì pọ̀ ju ti ìrọ̀lẹ́ lọ. Epo ẹja àti fítámínì náà ń gba owó lọ́wọ́ àwọn tó sorí kọ́ láìsí ẹ̀rí tó lágbára. Ẹ fi owó náà ra ẹja tútù.

Ọgbà Àgọ́dì wá ńkọ́? Kì í ṣe oògùn, àmọ́ nínú gbogbo ohun tí a yẹ̀ wò tó ń gba owó, òun la fọwọ́ sí jù. Ọdún 1967 ni wọ́n dá a sílẹ̀, omíyalé Ògùnpa bà á jẹ́ ní 1980, wọ́n tún un ṣe, ó sì ṣí padà ní 2014. Igi ńlá pọ̀ níbẹ̀, ìbòòji wà, omi wà, ọ̀nà tó ṣeé rìn wà láìsí ọ̀kadà tó ń fun fèrè létí ẹni. Àárọ̀ ọjọ́ iṣẹ́ ni kẹ́ ẹ lọ. Ní òpin ọ̀sẹ̀ àti lásìkò ọdún, orin á ti gba ibẹ̀ kan, àwọn èèyàn á kó ẹbí àti ọ̀rẹ́ wá, ẹni tó dá wà tí ọkàn ẹ̀ ti wúwo á sì rí i bíi pé òun nìkan layé kọ̀ sílẹ̀. Owó ìwọlé ti tó. Ẹ má san ti odò ìwẹ̀ àti eré. Ẹ rìn fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, kí ìrìn náà yá débi tẹ́ ẹ lè sọ̀rọ̀ ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ ò lè kọrin. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta lọ́sẹ̀ ni ìbẹ̀rẹ̀ tó dáa. Ẹni tí kò lówó ọkọ̀, ojú ọ̀dà inú Yunifásítì Ìbàdàn tàbí pápá ìṣeré Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Òkè-Àdó, tí wọ́n ṣí ní 1960, á ṣe iṣẹ́ kan náà.

Ohun tó ń ṣiṣẹ́ nínú lílọ sí Àgọ́dì kì í ṣe igi nìkan. Àdéhùn ni. Ìsoríkọ́ máa ń sọ fún èèyàn pé kó dúró dìgbà tó bá wù ú kó tó ṣe nǹkan. Kò ní wù ú. Bó sì ṣe ń dúró ni nǹkan ń dínkù nínú ọjọ́ ẹ̀, títí á fi ku ibùsùn àti fóònù. Ìtọ́jú kan wà tó yí i padà: ẹ máa ṣe é ná, wíwù á tẹ̀ lé e. Ní 2016, ìwádìí kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lórí 440 èèyàn fi hàn pé òṣìṣẹ́ tí kò gba ẹ̀kọ́ gíga lórí ọkàn lè fi ọ̀nà yìí tọ́jú ìsoríkọ́, kó má kéré sí ti àwọn akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ tó ń fi ọ̀rọ̀ tún ìrònú ṣe.

Ìwé ọmọ iléèwé kan àti báírò ló ń gbà. Fún ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ẹ má yí nǹkan kan padà. Ẹ kàn kọ ohun tẹ́ ẹ ṣe ní wákàtí kọ̀ọ̀kan, kẹ́ ẹ fi nọ́ńbà kan láti 0 dé 10 síwájú ẹ̀ fún bí ọkàn yín ṣe rí. Ní ìparí ọ̀sẹ̀, ẹ wá ibi tí nọ́ńbà ti gòkè, ì báà ṣe láti 2 sí 3. Lọ́sẹ̀ kejì, ẹ fi ohun méjì sínú ọjọ́ kọ̀ọ̀kan: ọ̀kan tó máa ń dùn mọ́ yín tẹ́lẹ̀, ọ̀kan tó jẹ́ iṣẹ́ tó lópin. Ẹ kọ wákàtí sí i. Kí iṣẹ́ náà kéré débi pé ọjọ́ tó burú jù ò lè borí ẹ̀. “Màá tún ilé ṣe” ti tóbi jù. “Màá ṣa kóńgò ẹ̀wà kan lórí àtẹ ní aago mẹ́wàá” ló dáa: ojú á wà lára òkúta àti èyí tí kòkòrò jẹ, ọwọ́ á máa yà wọ́n sápá kan, á parí, ẹ̀wà á sì wà fún oúnjẹ alẹ́.

Ibi mẹ́ta ló máa ń bàjẹ́ sí. Àwọn kan máa ń kó iṣẹ́ ilé nìkan síbẹ̀, kò sí ìgbádùn kankan, ó sì máa ń sú wọn lọ́jọ́ kẹrin. Àwọn kan máa ń fo ọjọ́ kan, wọ́n á wá ní gbogbo ẹ̀ ti bàjẹ́. Ẹ dín iṣẹ́ náà kù sí ìdajì kẹ́ ẹ bẹ̀rẹ̀ lọ́la. Ẹ̀kẹta ni oorun: ìwé ò lè ṣe nǹkan kan fún ẹni tó ń jí ní aago kan ọ̀sán. Ẹ mú wákàtí ìjí kan, kẹ́ ẹ má yí i padà bí oorun alẹ́ ò tilẹ̀ dáa. Àwọn tó ń ṣe àìsùn ní ilé àdúrà lóòrèkóòrè, ẹ bẹ pásítọ̀ tàbí àlùfáà kí àdúrà yín bọ́ sí ojúmọmọ títí ara á fi yá. Ọlọ́run ń gbọ́ ti ọ̀sán náà.

Gbogbo ohun tí a kọ yìí wà fún ẹni tó ṣì ń jẹun, tó ṣì lè dìde. Ẹni tó bá ń ronú ikú, tó ń gbọ́ ohùn tí ẹlòmíì ò gbọ́, tí kò jẹ tí kò mu, tàbí ìyá ọlọ́mọ tuntun tí ọkàn ẹ̀ dàrú, ilé ìwòsàn ńlá UCH ní Ọ̀rítamẹ́fà ni kí ẹnì kan sìn ín lọ lónìí, kó má dá lọ. Kí ará ilé gbé oògùn kòkòrò àti àpò oògùn kúrò nílé, kí wọ́n má sì fi òun nìkan sílẹ̀.

Fún àwọn tó kù tí ìwé àti ìrìn ò tó fún, ilé ìwòsàn ìjọba ìbílẹ̀ àdúgbò lè ṣe ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn ò mọ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n Oye Gureje ti Yunifásítì Ìbàdàn ṣáájú ìwádìí kan ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, èsì ẹ̀ jáde ní 2019. Àwọn òṣìṣẹ́ irú ilé ìwòsàn bẹ́ẹ̀ ni wọ́n kọ́ láti tọ́jú ìsoríkọ́. Apá kan ń jókòó ti aláìsàn lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ láti máa yanjú ìṣòro ẹ̀ níkọ̀ọ̀kan, apá kejì kàn gba ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tó péye. Nínú apá méjèèjì, èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn aláìsàn ló ti bọ́ lọ́wọ́ ìsoríkọ́ lẹ́yìn ọdún kan. Nígbà tẹ́ ẹ bá débẹ̀, ẹ má sọ pé ara ń ro yín tàbí orí ń gbóná, kẹ́ ẹ sì dákẹ́, torí oògùn ibà ni wọ́n á kọ fún yín. Ẹ sọ pé: “Ó ti lé ní ọ̀sẹ̀ méjì tí kò sí nǹkan tó ń wù mí ṣe, oorun mi ti dàrú, mo fẹ́ rí ẹni tí wọ́n kọ́ nípa ìsoríkọ́.” Kẹ́ ẹ mú ìwé yín dání.