Bọ́ọ̀lù wíwò fún àgbà: nílé àbí láàárín ẹgbẹ́?

Bàbá mi ní tẹlifíṣọ̀n ní yàrá wọn n'Íkòròdú, síbẹ̀ ilé tí wọ́n ti ń wo bọ́ọ̀lù ládùúgbò ló ń wù wọ́n.

Nílé, àga rọ̀, òògùn ẹ̀jẹ̀ ríru wà nítòsí. Àmọ́ bí eré bá parí, ó di oorun.

Láàárín ẹgbẹ́ ńkọ́? Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ wà! Bí Super Eagles bá ti gbá bọ́ọ̀lù sáwọ̀n, wọ́n á mẹ́nu ba ọdún 1980, nígbà tí Ṣẹ́gun Ọdẹ́gbàmí jẹ góòlù méjì ní Sùúrùlérè, tí a fi 3-0 na Algeria gba ife Áfíríkà. Wọ́n á jiyàn, wọ́n á rẹ́rìn-ín, àwọn ọ̀dọ́ á tẹ́tí. Ọpọlọ ń ṣiṣẹ́ nìyẹn, àárò ẹgbẹ́ kò sì ní pa wọ́n.

Ẹ̀rù ọkàn nìkan ló ń bà mí. Nígbà ife àgbáyé 2006, lọ́jọ́ tí Jámánì bá gbá bọ́ọ̀lù, àwọn tí àìsàn ọkàn kọlù lójijì ní agbègbè Munich ju ìlọ́po méjì ti ọjọ́ lásán lọ.

Ẹgbẹ́ ni mo fara mọ́, ṣùgbọ́n kí wọ́n lo òògùn wọn kí wọ́n tó jáde, kí ọmọ kan sì tẹ̀ lé wọn.