Kíìtì sáídà ápù fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ bẹ̀rẹ̀: ó dáa, àmọ́ ẹ ra hydrometer kún un

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní ìlú ọba tẹ́ ẹ̀ ń bi mí bóyá kíìtì tí wọ́n fi ń pọn sáídà (ọtí ápù) nílé yẹn tó nǹkan téèyàn ń náwó lé, ó tó o, àmọ́ ohun tó ṣe kókó jù, hydrometer tí wọ́n fi ń wọn bí ṣúgà ṣe kù sí nínú ọtí, ni wọn ò kó sínú páálí.

Ìgò ńlá tó ń gba lítà 4.5 lẹ máa bá níbẹ̀, airlock (nǹkan kékeré tó ń jẹ́ kí gáàsì jáde láì jẹ́ kí afẹ́fẹ́ wọlé) àti ìdérí rọ́bà ẹ̀, rọ́bà gígùn tí wọ́n fi ń fa ọtí, sáṣẹ́ẹ̀tì yíìsì kan, pẹ̀lú páwúdà tẹ́ ẹ máa fi fọ gbogbo ẹ̀. Ìgò yẹn nípọn dáadáa, mo gbà fún wọn níbẹ̀.

Ẹ ò nílò àtifún ápù kankan, júùsì páálí láti súpámákẹ́ẹ̀tì á ṣe é, àmọ́ ẹ ka ẹ̀yìn ẹ̀ o, tẹ́ ẹ bá ti rí potassium sorbate tàbí sodium benzoate níbẹ̀ ẹ dá a padà jàre, wọn ò ní jẹ́ kí yíìsì ṣiṣẹ́, vitamin C ní tiẹ̀ ò ní wàhálà. Ẹmu ò nílò sáṣẹ́ẹ̀tì kankan kó tó le, yíìsì inú afẹ́fẹ́ àti ara igbá ti tó o, àmọ́ wọ́n ti fi iná pa gbogbo ohun tó wà nínú júùsì yìí, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń bu yíìsì sí i. Ẹ má rọ ọ́ kún dẹ́nu, torí ìfófòó.

Èmi fẹ́ràn ìgbà tó bá bẹ̀rẹ̀ gan-an: airlock á máa ké kú-kú-kú tọ̀sán tòru, júùsì tó mọ́ kedere tẹ́lẹ̀ á wá dàrú bí omi ògì. Òórùn ẹyin tó bàjẹ́ lè jáde díẹ̀, ẹ má fòyà, ó máa lọ.

Nǹkan kan tí ìwé inú páálí ò sọ: ápù jíjẹ ni wọ́n fi ṣe ọ̀pọ̀ júùsì yìí. Àwọn tó ń ṣe sáídà gidi ní Somerset àti Herefordshire nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ápù tó korò bíi Dabinett àti Kingston Black ni wọ́n ń lò, kíkorò yẹn ló ń jẹ́ kí ọtí ẹ̀ dúró lẹ́nu. Torí náà, kí tiyín náà lè korò díẹ̀, ẹ po tíì dúdú tó le, kọ́ọ̀bù kan, láìsí mílíìkì, kó tutù, kẹ́ ẹ dà á sí i. Ìyàtọ̀ ẹ̀ pọ̀!

Ibi tí wọ́n ti bí mi nínú wàyí. Ìwé yẹn ní tí airlock bá ti dákẹ́, lẹ́yìn ọjọ́ 5, kẹ́ ẹ rọ ọ́ sígò. Rárá o! Òtútù lè mú kó dákẹ́, ìdérí tó ń jò náà lè fà á, tí ṣúgà bá sì ṣẹ́kù nínú ìgò gíláàsì tẹ́ ẹ dé pa, yíìsì á ṣì máa sọ ọ́ di gáàsì, ìgò náà lè bú gbàù kó ṣe èèyàn léṣe. Hydrometer nìkan ló ń sọ òótọ́. Nọ́ńbà tèmi bẹ̀rẹ̀ ní 1.048 (bí ṣúgà bá ṣe pọ̀ tó ni nọ́ńbà ń ga tó), ó sọ̀kalẹ̀ dé 1.000, ìyẹn jẹ́ nǹkan bí 6.3% ọtí. Tí nọ́ńbà ò bá yí padà fún ọjọ́ mélòó kan, ó ti parí nìyẹn. Ẹni tó bá fẹ́ kó máa hó, ìdajì ṣíbí tíì ṣúgà fún ike mínírà 500ml, ẹ máa fọwọ́ tẹ ike náà wò, tó bá ti le gbagidi ẹ sáré gbé e sí fíríìjì.

Kò ní dùn o, yíìsì ti jẹ ṣúgà ẹ̀ tán. Ẹ bu júùsì díẹ̀ sí i nínú kọ́ọ̀bù tẹ́ ẹ bá ń mu ún.

4 nínú 5 ni mo fún wọn. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ pọn òmíràn, júùsì àti yíìsì nìkan lẹ máa rà.