Wọ́n fẹ́ ta thermostat tuntun fún wa, afẹ́fẹ́ ló ń jò

Ohun tó mú mi kọ èyí ni gbólóhùn kan tí ọ̀gá ẹnjiníà ilé iṣẹ́ tó ń tún ẹ̀rọ amúlétutù wa ṣe sọ lójú àwọn ayálégbé wa: "Bàbá, ẹ jẹ́ ká kúkú tú gbogbo ẹ̀ dànù."

Gbogbo ẹ̀ tó ń wí yẹn ni àwọn thermostat alátẹ́gùn, ìyẹn ohun tó ń fi afẹ́fẹ́ darí bí yàrá ṣe máa tutù tó, tó wà lára ògiri ilé tí mò ń bójú tó ní Broad Street, l'Ékòó. Òkè kẹta ló ń gbóná. Ẹ̀rọ tó ń sọ omi di tútù, omi tó ń mú ọ́fíìsì tutù, ń ṣiṣẹ́, òkè kejì tutù nini, ṣùgbọ́n Lọ́yà tó yá òkè kẹta ń fi fáìlì fẹ́ ara rẹ̀. Ó ní kí n sọ fún òun bóyá ọ́fíìsì ni òun sanwó fún àbí ààrò.

Mo pe ilé iṣẹ́ yìí. Mi ò ní dárúkọ wọn, wọ́n mọ ara wọn. Ọmọbìnrin tó ń gbé fóònù wọn lóhùn lẹ́nu: "Wọ́n ti wà lójú ọ̀nà, sà." Mo pè láàárọ̀, wọ́n wà lórí Third Mainland Bridge. Mo pè lọ́sàn-án, orí Third Mainland náà ni. Nígbà tí wọ́n jàjà dé, ọ̀gá fìka kan thermostat, kò tú u, kò fi ohunkóhun wọ̀n ọ́n, ó ti ń ka iye tí tuntun oníná máa jẹ́ fún gbogbo ilé. Ó ní ògbólógbòó ni. Òótọ́ ni, láti ọdún 1895 ni Warren Johnson, ará Amẹ́ríkà, ti gba ìwé àṣẹ irú rẹ̀. Ṣùgbọ́n kò sí bọ́ọ̀dù nínú rẹ̀ tí iná NEPA máa jó. Lífìtì wa ti jẹ bọ́ọ̀dù jẹ bọ́ọ̀dù, mi ò fẹ́ kí ògiri tún máa bá a jẹ.

Ibi tí inú ti ń bí mi ni ọmọbìnrin tó gbé àpótí irinṣẹ́ tẹ̀lé e ti dá sí i. "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ wọn afẹ́fẹ́ ẹ̀." Ọ̀gá ẹ̀ wò ó kọ́rọ́, ọmọbìnrin náà ò ṣe bí ẹni rí i. Rọ́bà méjì ló wà lẹ́yìn thermostat náà: ọ̀kan ń gbé afẹ́fẹ́ bọ̀ láti ọ̀dọ̀ kọ̀ǹpírẹ́sọ̀, ẹ̀rọ tó ń fún afẹ́fẹ́ pọ̀, èkejì ń gbé e lọ sí fáàfù, ìlẹ̀kùn kékeré tó ń jẹ́ kí omi tútù kọjá. Ó so géèjì, ohun tí wọ́n fi ń wọn agbára afẹ́fẹ́, mọ́ èyí tó ń bọ̀. Ó yẹ kó wà ní 18 sí 20 psi (òṣùwọ̀n agbára afẹ́fẹ́ nìyẹn), 7 ló kà.

"Dádì, thermostat ò ṣẹ̀ o. Kò rí afẹ́fẹ́ tó lò ni."

Ó yé mi lójú ẹsẹ̀. Fáàfù tiwa, bí afẹ́fẹ́ tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ bá ṣe lágbára tó ló ṣe ń ṣí tó, láti nǹkan bíi 3 dé 15 psi. Níbo ni thermostat ti fẹ́ rí 15 rán sí i nígbà tí 7 ló wọlé?

Ó sáré sọ̀kalẹ̀ lọ sí yàrá kọ̀ǹpírẹ́sọ̀. Géèjì ibẹ̀ ka 19, a jẹ́ pé ọ̀nà ni afẹ́fẹ́ ti ń sọnù. Ó ṣí kọ́ọ̀kì ìdí táǹkì, omi pípọ́n tó ti dà pọ̀ mọ́ ọ́ìlì tú jáde, ó kún kóróbá. Ooru Èkó kún fún omi, táǹkì ló sì ń gbẹ̀yìn sí. Tí wọn ò bá dà á, á gba inú rọ́bà lọ dí àwọn ihò tíńtín inú thermostat. Àwọn yìí kan náà ló ń gbowó lọ́wọ́ wa lóṣooṣù pé àwọn ń da omi yẹn o!

Ó padà sókè, ó ní kí gbogbo ọ́fíìsì dákẹ́. Lọ́yà pàápàá pa fóònù. Ó gun àkàbà, ó ṣí pákó àjà kan, ó dẹtí. Ṣíìììì. Ó fi fóòmù nu omi ọṣẹ sára rọ́bà dúdú kan, ìfófòó sì ń yọ wùrùwùrù níbi tí eku ti họ ọ́ jẹ. Ó gé ibẹ̀, ó fi irin bàbà kékeré kan so ó padà. Géèjì gòkè: 12, 15, 18. Ó yí nọ́ńbà thermostat sí bí yàrá ṣe gbóná tó gan-an, ó wá fi sukurudíráfà tún un ṣe títí afẹ́fẹ́ tó ń lọ sí fáàfù fi dúró sí nǹkan bíi 9, ìyẹn àárín 3 sí 15. Kò pẹ́ tí Lọ́yà wọ kóòtù rẹ̀ padà. Díẹ̀ ló kù kí n gbé ọmọ náà jó.

Bílì wá dé. "Thermostat tuntun, ẹyọ kan." Mo pè wọ́n, olóhùn dídùn ní, "Ẹ má bínú sà, bó ṣe wà nínú kọ̀ǹpútà nìyẹn." Mo ya fọ́tò ògbólógbòó wa lára ògiri, mo fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp. Wọ́n kà á, wọn ò fèsì. Lẹ́yìn-ò-rẹyìn ni ọ̀gá pè pé akọ̀wé ló ṣì í kọ. Wọ́n yọ ọ́, wọ́n fi "owó àyẹ̀wò" dí àlàfo rẹ̀, kò sì fi bẹ́ẹ̀ dín.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ lò wọ́n, ẹ má jẹ́ kí wọ́n dárúkọ owó kankan kí wọ́n tó so géèjì.

Máàkì tí mo fún wọn: 4 nínú 5. Mo sì ti sọ fún wọn pé tí kì í bá ṣe ọmọbìnrin yẹn ni wọ́n rán wá lóṣù tó ń bọ̀, máíguádì wa ò ní ṣí géètì.