Ìkéde Àpapọ̀ lórí Ẹ̀kọ́ Ìdáláre: ìwé tó yẹ kí kíláàsì Bíbélì ní lọ́wọ́

Bí kíláàsì Bíbélì bá pín sí méjì lórí ipò iṣẹ́ rere nínú ìdáláre, ìyẹn bí Ọlọ́run ṣe ń gba ẹlẹ́ṣẹ̀ sí olódodo, ìwé yìí ni kí ẹ gbé kalẹ̀. Ìjọ Àgùdà àti Àjọ Ìjọ Lutheran Àgbáyé (àwọn ìjọ tó tẹ̀lé ẹ̀kọ́ Martin Luther) ló jọ fọwọ́ sí i nílùú Augsburg, ní Jámánì, ní 31 oṣù kẹwàá ọdún 1999. Ìpínrọ̀ 44 péré ni. Joint Declaration on the Doctrine of Justification lorúkọ rẹ̀ lédè Gẹ̀ẹ́sì. Ọ̀fẹ́ ló wà lórí ìkànnì Vatican.

Ẹ má bẹ̀rẹ̀ láti òkè, ìtàn àríyànjiyàn yóò sú yín. Ìpínrọ̀ 15 ni kí ẹ kọ́kọ́ kà: oore-ọ̀fẹ́ nìkan ni Ọlọ́run fi gbà wá, kì í ṣe ìtóye wa; Ẹ̀mí Mímọ́ ló sì ń sọ ọkàn wa dọ̀tun fún iṣẹ́ rere. Lẹ́yìn náà, ẹ fò bọ́ sí 37 dé 39. Ní 37, ohùn méjèèjì ṣọ̀kan: iṣẹ́ rere ń tẹ̀lé ìdáláre, èso rẹ̀ ni. Àgùdà ṣàlàyé ní 38, Lutheran ní 39. Ẹ fi pẹ́ńsù kọ orúkọ olóhùn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìpínrọ̀ kọ̀ọ̀kan, torí láti 22 dé 36, àlàyé Lutheran ló ń ṣáájú ti Àgùdà. Ẹni tí kò bá ṣọ́ èyí á máa bá ẹlòmíì jà.

Ìpínrọ̀ 38 ló máa ń da ilé rú, torí ó ní iṣẹ́ rere ní èrè. Bí olùkọ́ bá pe èrè yìí ní owó iṣẹ́, ó ti bà á jẹ́. Owó alágbàṣe di gbèsè lọ́rùn ẹni tó gbà á síṣẹ́ tí ilẹ̀ bá ti ṣú. Aṣọ Kérésì tí bàbá ṣèlérí fún ọmọ ńkọ́? Ọmọ á rí i gbà, àmọ́ ọ̀rọ̀ ẹnu bàbá ló so ó mọ́ ọn. Irú èrè yìí ni ìwé náà ń sọ.

Ibi tó lọ́ràá jù fún àwa tó ń sọ Yorùbá ni 22 dé 24. “Dá láre” tí à ń lò, ọ̀rọ̀ ilé ẹjọ́ ni: adájọ́ dá ẹjọ́, ẹnì kan jàre. Kò sọ bóyá ọkàn ẹni náà yí padà. Ìwé náà so ìdáríjì mọ́ ìsọdọ̀tun, nítorí náà ẹ lo “sọ di olódodo” pẹ̀lú rẹ̀, kí ẹgbẹ́ kan ọ̀rọ̀ náà má baà sọnù.

Ó ní ibi tó kù sí. Àwọn kan ń gbé e kiri pé ìjà ti parí. Ìpínrọ̀ 41 kò sọ bẹ́ẹ̀: ó ní ìdálẹ́bi tí ìjọ méjèèjì ṣe fún ara wọn láyé àtijọ́, títí kan ti Àpérò Trent (ìpàdé ńlá àwọn bíṣọ́ọ̀bù Àgùdà) ní 1547, kò kan ẹ̀kọ́ tí a ṣàlàyé níhìn-ín. Ìpínrọ̀ 43 sì ka ohun tó ṣẹ́ kù, bí oyè àlùfáà àti sákírámẹ́ńtì. Síbẹ̀, àwọn Mẹ́tọ́díìsì dara pọ̀ mọ́ ọn ní 2006, àwọn ìjọ Reformed (àwọn tó tẹ̀lé ẹ̀kọ́ John Calvin) ní 2017.

Ẹ ṣí Róòmù 4 àti Jákọ́bù 2 sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Àwọn méjèèjì fa Jẹ́nẹ́sísì 15:6 yọ. Jákọ́bù wá fi pẹpẹ Ísáákì kún un, láti Jẹ́nẹ́sísì orí 22. Nígbà tí a ka ìgbàgbọ́ Ábúráhámù sí òdodo, wọn ò tíì bí Ísáákì.